Orúkọ Ẹni Tó Pọn Ọtí

Obìnrin kan ń bẹ ní ìlú kan, ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló ń pọn. Ìdí àgbàdo ni ìyá rẹ̀ ti tọ́ ọ dàgbà, ìdí àgbàdo náà ni òun náà jókòó sí. Ilé rẹ̀ ló kẹ́yìn ní òpópó tó lọ sí odò. Bí ènìyàn bá ti kọjá rẹ̀, igbó ló kù. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, ọmọ náà kò sì tíì já lẹ́nu ọmú.

Ọtí tí obìnrin yìí ń pọn dára. Ẹni tó bá mu ún kì í tètè sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ pa ojú dé ná. Kò kan jù, kò dùn jù, ó kàn ń ta ahọ́n díẹ̀ bí ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀? Àwọn tó ń la pákó ní etí odò mọ̀. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ mọ̀. Onídìrí tó wà ní ilé kejì sì mọ̀, nítorí òun kì í san nǹkan kan. Bí àwọn yòókù nínú ìlú bá fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ tàbí ìṣílé, ọtí inú ìgò ni wọ́n ń lọ gbé wá láti ìlú ńlá. Wọ́n á ní ọtí ìkòkò kò yẹ àlejò. Ọtí tí kò ní ìdérí, tí wọn ò ya àwòrán sí lára, ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?

Báyìí ni obìnrin náà ń pọn ọtí rere, tí ọtí rere náà kò sì kọjá òpópó odò.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó wà ní ìlú ńlá wá ránṣẹ́ sí i. Ó ní ilé olówó kan wà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún wọn, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ ẹni tó ń tọ́mọ lọ́wọ́. Kí ó gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀ ní abúlé, kí ó máa bọ̀. Obìnrin náà gbọ́. Ó wo ọmọ, ó wo ìkòkò. Ó ní kí wọ́n fún òun di ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Bí ọtí òun bá lè dé ìlú mìíràn kí òjò tó dé, tí wọ́n tọ́ ọ wò tí wọ́n sì fẹ́ ẹ, òun kò ní lọ síbì kankan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun á dojú ìkòkò dé, òun á sì já ọmọ lẹ́nu ọmú tipátipá.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyí nígbà tí ọkùnrin kan yọ sí ẹnu ọ̀nà.

Ìfura ni oúnjẹ ọkùnrin yìí. Bí wọ́n bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á wo ẹ̀yìn ẹni tó kí i, bóyá ẹnìkan ló rán an. Bí ìyàwó rẹ̀ bá tètè gbé oúnjẹ wá, á bi í pé kí ló ń sá fún. Bó bá pẹ́, á bi í pé ibo ló lọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló fẹ́ gbé ìyàwó ní ìlú kejì. Àwọn ará ilé ìyàwó náà kì í gba ọtí ìgò níbi ìdána. Ọtí tí a fọwọ́ pọn ni wọ́n ń gbà, bí àwọn baba wọn ti ń ṣe é. Ọkùnrin yìí wá apọntí títí kárí ìlú, kò rí. Àwọn ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣe ti lọ sọ́run, àwọn ọmọ wọn ń ta káàdì fóònù. Ẹni tó ṣẹ́kù kò ju obìnrin òpópó odò yìí lọ.

"Ìwọ lò ń pọn ọtí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ wá jókòó."

Kò jókòó. Ó fi ìka kan àga, ó wo ìka náà.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyá mi ni."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ó wà lábúlé, sà."

"Kí ló lé e lọ sábúlé?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tó wo ojú ọkùnrin náà, ó gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì.

Ọkùnrin náà wá sọ ohun tó bá wá. Ó ní ọtí ìdána ni, ìkòkò ńlá-ńlá ni òun ń fẹ́, ìlú kejì ló sì ń lọ. Nígbà tí obìnrin náà gbọ́ "ìlú kejì", ó fò dìde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọmọ jù sókè.

"Ṣùgbọ́n gbọ́ o," ni ọkùnrin náà wí. "N óò máa wá wò ọ́. Láti ìgbà tí o bá ti rẹ àgbàdo títí di ìgbà tí o bá sẹ́ ẹ, ojú mi ni yóò ṣe. N kò fẹ́ kí ohunkóhun ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi."

"Kò sí wàhálà, Bàbá. Ẹ máa bọ̀."

Ó sì ń bọ̀ lóòótọ́. Àpótí tirẹ̀ ló ń gbé wá láti ilé, torí kò gba àga ẹnikẹ́ni gbọ́. Á gbé e kalẹ̀ ní ọ̀gangan ibi tó ti lè rí ìkòkò, ààrò àti ọwọ́ obìnrin náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í bọ́ fìlà, kì í gba omi mu.

Onídìrí ti rí i láti ilé kejì. Ó kígbe láti ibi tó ti ń dirun onírun, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, o kú oríire o! Ọkọ tuntun ti dé. Ó tilẹ̀ gbé àga tirẹ̀ wá, kò fẹ́ ni ọ́ lára!"

Ẹni tí wọ́n ń dirun fún rẹ́rìn-ín, ó mi orí, onídìrí fi ìyarun lù ú.

Obìnrin náà rẹ àgbàdo.

"Omi ibo nìyẹn?"

"Omi odò ni, Bàbá."

"Kí ló dé tí kì í ṣe omi ẹ̀rọ? Kí ni omi ẹ̀rọ ṣe ọ́?"

"Omi odò ni àgbàdo mọ̀, sà. Omi ẹ̀rọ kì í jẹ́ kó hù dáadáa."

Ọkùnrin náà dìde, ó lọ wo odò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní òun rí ewé kan tó ń léfòó lójú omi, ewé kí ni? Obìnrin náà ní ewé igi ni.

Ó kó àgbàdo jáde nínú omi, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà ká ewé náà sókè láìtọrọ àyè. Ó rí i pé àgbàdo ti yọ ẹnu funfun wínníwínní.

"Ó ti hù! O ti jẹ́ kó bàjẹ́!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ dá ewé yẹn padà. Bí kò bá hù kò lè dùn. Ibi tó ti hù yẹn ni adùn ti ń wá."

"Ohun tó hù ni n óò gbé fún àwọn àna mi?"

Ó dá ewé padà, ṣùgbọ́n ó ń wo obìnrin náà bí ẹni pé obìnrin náà gan-an ló hù.

Obìnrin náà sá àgbàdo, ó gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọta, ọkùnrin náà tẹ̀ lé e lọ. Ó sè é láti àárọ̀ títí iná fi jó rẹ̀yìn, ọkùnrin náà jókòó ti èéfín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún kí ojú rẹ̀ má baà kúrò níbẹ̀. Nígbà tó sẹ́ ẹ tán, tó sì tutù, obìnrin náà bu díẹ̀ sínú igbá, ó kọ́kọ́ mu ún bí ó ti yẹ kí ẹni tó ń gbé ọtí fún àlejò ṣe. Ó nawọ́ igbá náà sí i.

Ọkùnrin náà kò gbà á. Ó ń wò ó bóyá yóò ṣubú.

"Mo ti mu ún, Bàbá."

"Mo rí i. Bóyá o ti lo nǹkan tí kò ní jẹ́ kó ràn ọ́."

Onídìrí ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà yẹn, nítorí òórùn ọtí tútù ti pè é. Ó gba igbá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ lófìfo. Ó ní, "Bàbá, ṣé kí èmi náà kú díẹ̀ kí ọkàn yín lè balẹ̀?" Ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó pa ojú dé. "Mo ti kú o. Ẹ bu òmíràn kí n jí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi jí. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn méjèèjì ti jọ gbìmọ̀ ni.

Ọtí tí a sè tí kò sì tíì kan, omi àgbàdo lásán ni. Ohun tó ń jí i ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àtẹ̀yìnwá. Obìnrin náà ní ìkòkò kékeré kan tó fi ń pa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mọ́. Abẹ́ ibùsùn ló ń gbé e sí, níbi tí oòrùn kò lè dé, ó sì ń fi aṣọ bò ó nítorí eṣinṣin. Ó wọ yàrá, ó gbé e jáde. Ọkùnrin náà fò dìde lórí àpótí.

"Kí nìyẹn?"

"Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tí mo pọn kẹ́yìn ni, sà. Òun ni mo fẹ́ dà sínú rẹ̀ kó lè hó."

"Ohun tí o fi aṣọ bò lábẹ́ ibùsùn? Ohun dúdú? Òun ni kí àwọn àna mi mu?"

"Kò dúdú, Bàbá. Òkùnkùn yàrá ni. Ẹ wá gbóòórùn rẹ̀."

Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó dára. Èyí gan-an ló tún bí i nínú. Ó na ìka sí obìnrin náà, ó sọ ohun kan tí obìnrin náà kò lè gbàgbé mọ́: "Mo ní ẹni tí mo mọ̀ láàárín àwọn wolé-wolé. Bí ohunkóhun bá ṣe ẹnikẹ́ni ní ilé àna mi, orúkọ rẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè. Orúkọ rẹ!"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ inú obìnrin náà bí omi tútù. Láti ìgbà náà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Bí ọkùnrin náà bá súnmọ́ ìkòkò, á pọn ọmọ, á súnmọ́ ọn. Kí ló ń wá níbẹ̀? Ṣé kò ní ju nǹkan sínú rẹ̀ kí ó lè rí ẹ̀sùn kà sí òun lẹ́sẹ̀? Nígbà tí ọkùnrin náà bá lọ tán, á tún aṣọ orí ìkòkò so, á so ó ní kókó tó yàtọ̀, kí òun lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá tú u. Ọkùnrin náà ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀, òun náà ń ṣọ́ ọwọ́ ọkùnrin náà. Ọtí sì ń hó láàárín wọn, kò mọ nǹkan kan.

Ọjọ́ ìdána pé. Ọkùnrin náà gba ọkọ̀ kan, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé gbogbo ìkòkò sínú rẹ̀, òun náà sì wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó jókòó láàárín wọn, ó dì wọ́n mú. Wọ́n lọ. Obìnrin náà dúró sí ẹnu ọ̀nà títí eruku fi rọlẹ̀. Ọtí rẹ̀ ti kúrò ní òpópó odò. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ó sì dùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù jókòó sórí ayọ̀ náà, kò jẹ́ kó dìde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìdána, obìnrin náà kò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Wọ́n gbé ọtí kalẹ̀, wọ́n bu ti baálé ilé ìyàwó sínú igbá. Bàbá arúgbó náà gbé igbá dé ẹnu, ó tún gbé e kúrò. Ó ní, "Kí ni orúkọ ẹni tó pọn ọ́n?" Ní ilé tiwọn, wọ́n gbà pé ẹni tó pọn ọtí fúnni mu ti di ẹ̀mí ẹni mú lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń dárúkọ rẹ̀, wọ́n á ṣàdúrà fún un kí wọ́n tó mu. Wọn kì í mu ọtí aláìlórúkọ.

Ọkùnrin náà ní, "Obìnrin kan ni, ní òpópó odò."

"A gbọ́. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo ohun tó mọ̀. Ó sọ omi tó ń lò, ó sọ ewé tó fi bo àgbàdo. Ó ní iná ti jó o rí lápá òsì. Ó ní bó bá fẹ́ ro ọtí, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa ń gbé síwájú. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Baálé ní, "Ẹ mọ àpá ọwọ́ rẹ̀, ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀?"

Wọ́n gbé igbá kalẹ̀. Ìyàwó wà nínú yàrá, ó ń dúró kí wọ́n pe òun. Wọn ò lè pè é títí ìgbà tí ọtí yóò fi yí ká. Ojú ti ọkùnrin náà. Ó tọrọ àyè, ó sáré wọ ọkọ̀, ó ní kí awakọ̀ padà.

Ohun tí obìnrin náà rí nìyí: ọkọ̀ dúró gììrì níwájú ilé rẹ̀, wọn ò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ọkùnrin náà sì bẹ́ sílẹ̀, òógùn bò ó. Kò kí i.

"Kí ni orúkọ rẹ?"

Ọmọrogùn bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. "Ṣé kò sí o, Bàbá? Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

"Mo ní kí ni orúkọ rẹ! Wọ́n ń dúró! Àbí o ń pa á mọ́ ni?"

Àwọn wo ló ń dúró? Obìnrin náà kò bi í, ó ti mọ̀ ọ́n lọ́kàn ara rẹ̀. Ẹnìkan ti ṣubú. Wọ́n ti pe wolé-wolé. Ó wo ọmọ rẹ̀ lórí ẹní, ọmọ náà ń fi ẹsẹ̀ ṣeré. Bí wọ́n bá tì òun mọ́lé, ọmú ta ni yóò mu? Ẹnu rẹ̀ là fúnra rẹ̀.

"Fẹ̀yìntọlá."

Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé rẹ̀, láti orí ìyá títí dé orí bàbá. Ọkùnrin náà tún orúkọ náà pè kí ó má baà bọ́ nù, ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó ń fura kì í ṣàlàyé; ó rò pé bí òun bá ṣàlàyé, wọ́n á rí ibi tí wọn yóò ti mú òun.

Ní ilé ìdána, wọ́n gba orúkọ náà, inú wọn dùn sí i. "Fẹ̀yìntọlá, ọwọ́ rẹ kò ní rọ. Fẹ̀yìntọlá, wàá jèrè ọmọ. Fẹ̀yìntọlá, ọjà rẹ á tà títí dé ọ̀nà jíjìn." Gbogbo ilé ń ṣe àmín. Àdúrà náà gbéra, ó lọ sí ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Wọ́n wá mu ọtí. Baálé pa ojú dé, kò tètè là á. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti mu irú èyí, láti ìgbà tí ìyá òun ti wà láyé. Wọ́n pe ìyàwó jáde.

Obìnrin náà ń dúró de wolé-wolé. Ó gbé ìkòkò lọ pa mọ́ sínú igbó ẹ̀yìn ilé, ó gbá èèpo àgbàdo ilẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn ọtí kò ṣeé gbá.

Nígbà tó yá, àwọn obìnrin méjì yọ ní òpópó. Gèlè wọn le, ọ̀kan gbé báàgì aláwọ sí abẹ́ apá, bàtà wọn kò rí ẹrẹ̀ rí. Obìnrin náà ń fọ aṣọ ọmọ nínú abọ́. Bó ti rí wọn, ó tẹ orí mọ́ aṣọ.

"Ẹ kúulé o. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé Fẹ̀yìntọlá wà nílé?"

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Ilé tó kẹ́yìn ní òpópó odò ni wọ́n júwe fún wa. Ẹni tó pọn ọtí ìdána yẹn la ń wá."

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ti ṣìnà. Mi ò pọn ọtí rí. Aṣọ ni mò ń fọ̀ yìí."

Obìnrin oníbáàgì fa imú. Gbogbo ilé ń ta sánsán ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò sọ ọ́ mọ́. Ó ní, "Kò burú. Bí ẹ bá rí i, ẹ bá wa kí i." Wọ́n padà sẹ́yìn.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ ti abọ́ aṣọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó kó o yọ.

Kò tíì dìde nígbà tí onídìrí dé. "Ọ̀rẹ́, àwọn wo nìyẹn? Èmi àti wọn pàdé lójú ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn mu ọtí kan níbi ìdána, baálé àwọn kò sì sinmi mọ́ láti ìgbà náà. Àjọ̀dún ìyá rẹ̀ tó ti kú ń bọ̀, ó ní ẹni yẹn ni kó pọn gbogbo rẹ̀, kó sì máa pọn fún gbogbo ẹbí àwọn títí lọ. Fẹ̀yìntọlá kan báyìí ni wọ́n ń wá. Mo ní mi ò mọ Fẹ̀yìntọlá kankan."

Obìnrin náà jókòó sínú omi ọṣẹ.

"Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni Fẹ̀yìntọlá."

Onídìrí wò ó tìyanutìyanu. "Láti ìgbà wo?"

Obìnrin náà ti sáré jáde. Ó sáré dé títì, kò bá ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kejì, ó pọn ọmọ, ó ru kẹ́ẹ̀gì ọtí kan tó ṣẹ́kù, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú kejì. Nígbà tó dé ilé baálé náà, ó bá ọkùnrin tó ń fura níbẹ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ pè é kó wá ṣàlàyé irú ẹni tí òun gbé ọtí rẹ̀ wá fún wọn. Bí àwọn obìnrin méjì náà ti rí i, ọ̀kan kígbe pé, "Ẹni tó ń fọ aṣọ nìyí!"

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, èmi ni mo pọn ọtí tí ẹ mu. Àyọ̀ká ni orúkọ mi."

Baálé ní, "Fẹ̀yìntọlá ńkọ́?"

"Kò sí, sà."

"Àdúrà tí a ṣe ńkọ́?"

Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì. Ó bu ọtí sínú igbá, ó mu nínú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Baálé gbà á. Ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Gbogbo ilé ń wò ó. Ó gbé igbá náà kalẹ̀.

Ó ní, "Òórùn rẹ̀ kan náà ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n lánàá o ní o kò pọn ọtí rí. Lónìí o ní ìwọ lo pọn ọ́n. Èwo nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì ni kí n mu?"

Ọkùnrin tó ń fura pàtẹ́wọ́. "Ṣé mo wí! Mo ti wí i! Láti ìgbà tí mo ti dé ilé rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òpùrọ́ ni!"

Obìnrin náà yí ojú sí i. Ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, kò tíì ráyè fún un lọ́mú láti àárọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ bí irọ́ yẹn. Èmi kàn sọ ọ́ lórúkọ ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Baálé kọjú sí àna rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jókòó nílé rẹ̀ láti rírẹ títí dé sísẹ́, ẹ ò bi í pé kí ni wọ́n ń pè é?" Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Baálé tún kọjú sí obìnrin náà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀: "Gbé ọtí rẹ, ọmọ mi. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ìyá mi ni mo fẹ́ fi ọtí yìí rántí, mi ò lè gbé ohun tí ọkàn mi ń bá jà síwájú rẹ̀."

Obìnrin náà ru kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ padà. Òjò bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́ sí ìgbà náà. Ó dojú ìkòkò dé, ó gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀ ní abúlé, ọmọ náà sì fi ohùn gbígbẹ sunkún ọmú títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nínú ilé olówó ní ìlú ńlá, ó ń se oúnjẹ, ó ń gbé ọtí ìgò fún àlejò, wọ́n ń mu ún láìbèèrè ohunkóhun. Ní òpópó odò, kò sí ẹni tó ń pọn ọtí mọ́.

Ìwọ tí o ń gbọ́, o ti ń dá ọkùnrin yẹn lẹ́jọ́. Dúró ná. Apọntí wà lẹ́yìn ilé tìrẹ náà, ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun rere tí ayé kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀. O ń kọjá rẹ̀ lọ ra ohun tí wọ́n dé pa, nítorí ohun tí wọ́n dé pa kì í fún ọ láyè láti bi í léèrè, o sì pe ìyẹn ní ìfọkànbalẹ̀. Nígbà tí o bá padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣeé bi, o ń bi í bí ẹni tó ti jẹ̀bi.

Kò burú kí o bèèrè. Bèèrè omi rẹ̀, bèèrè ìkòkò rẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ nílé kò gbọdọ̀ mu ohun tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bèèrè orúkọ rẹ̀, kí o sì sọ tìrẹ fún un, kí ó lè mọ ohun tí o fẹ́ fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe. Bákan náà ni kí o ṣe sí ọmọ inú ilé rẹ, sí ìyàwó ọmọ rẹ, sí ẹni tó ń bá ọ gbé ọmọ nígbà tí o bá lọ sọ́jà. Bí o bá fi ẹnu ọlọ́pàá bi ènìyàn, ìdáhùn ẹni tó ń sá ni wàá gbà. Nígbà tí o bá sì gbà á tán, má ṣe dìde pàtẹ́wọ́ pé ṣé mo wí.